Àbúrò Tí Adájọ́ Jù Sẹ́wọ̀n

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yẹ́ Adájọ́ sí, wọ́n á wá Káfíńtà kàn. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe ń wá a. Káfíńtà ni ẹni tí Adájọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, nígbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Ìtàn yẹn ni gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ Adájọ́. Ó dá ẹjọ́ ilẹ̀, ó dá ẹjọ́ àwọn olówó, ó dá ẹjọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fọwọ́ kàn, síbẹ̀, bí ẹ bá bi ọmọdé léèrè lójú títì, ohun tó máa sọ fún yín ni pé, "Adájọ́ tó ju àbúrò ẹ̀ sẹ́wọ̀n."

Ohun tó wá jẹ́ kí ìtàn náà dùn létí ni pé àbúrò ọ̀hún ò bínú. Káfíńtà á dìde, á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á ní, "Èmi lẹ́ni tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n. Ẹ wò mí dáadáa, mo sanra ju ẹni tó jù mí síbẹ̀ lọ." Àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò ní ọ̀nà míì. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà ká wọn mọ́ ni. Ó dùn wọ́n ju bó ṣe dùn mí lọ." Wọ́n á pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ á fi máa ta wọ́n.

Káfíńtà ò purọ́ o. Bó ṣe gbà á gbọ́ ló ṣe ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọn ò tíì rìn jìnnà tó fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó pa ọkọ̀, tó gbé orí lé sítíárìn. Ó ní, "Wọ́n gbé e ká mi mọ́ ni. Adájọ́ tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣàìsàn, kò sì sí ẹlòmíì. Kí ni mo fẹ́ ṣe?" Káfíńtà ló tún wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Òun tó ti ẹ̀wọ̀n dé ló ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹni tó jù ú síbẹ̀, tó ń ní, "Ó tó, Bọ̀dá. Ó ti tán."

Ẹjọ́ ọ̀hún gan-an ò pẹ́ rárá. Ibi ìkọ́lé ìjọba ni Káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ń kó pákó sí máa ń wà. Ọ̀gá rẹ̀ á ní, "Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá," á sì mú un fún un. Pákó ń jáde, ilé tí ọ̀gá ń kọ́ fún ara rẹ̀ ń ga sí i, Káfíńtà sì ń wo ibòmíì. Ọ̀gá fún un ní fáànù kan lẹ́ẹ̀kan. Ó gbà á, ó gbé e lọ sílé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta, ọ̀gá ní òun ò mọ nǹkan kan nípa kọ́kọ́rọ́, gbogbo ìka wá nà sí ẹni tí wọ́n rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí Káfíńtà ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, Adájọ́ wá bá a ní pálọ̀ ìyá wọn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Má wulẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o jẹ̀bi. Ẹni tó bá tètè gbà, wọ́n máa ń ṣàánú ẹ̀. Wọ́n á bá ọ wí, wọ́n á ní kó o máa lọ sílé."

Káfíńtà ní, "Agbẹjọ́rò mi ní n má gbà o. Ó ní ọ̀gá mi ló yẹ kí wọ́n mú."

"Ta ló mọ òfin jù, èmi àbí ọmọ àná yẹn?"

Ọ̀rọ̀ parí. Láti kékeré, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti sọ, abẹ gé e nìyẹn. Bàbá wọn tètè kú, Adájọ́ ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, gbogbo èèyàn dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì wọlé nínú ẹ̀wù dúdú. Káfíńtà ò retí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó ní òun jẹ̀bi. Wọn ò bá a wí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọdún méjì ni wọ́n dá fún un. Ìyá wọn kú kí ọdún kejì tó parí. Inú ṣọ́ọ̀bù ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tó ti ń to ẹsẹ̀ àga, ni ọ̀gá wọ́dà ti wá sọ fún un, wọ́n sì sin ìyá náà láìsí ọmọ rẹ̀ kékeré níbẹ̀.

Lọ́dún tí Adájọ́ pé ọgọ́rin, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò àti ilé ẹjọ́ pawọ́ pọ̀ láti ṣe ayẹyẹ fún un. Wọ́n fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n sì fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé ilé ẹjọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí òun náà jẹ́ agbẹjọ́rò, ló ń ṣètò gbogbo rẹ̀. Òun ló pe Káfíńtà lórí fóònù.

"Bàbá Kékeré, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹbí o."

"Ṣé èyí tí mo máa ń sọ náà ni?"

"Òun náà ni. Òun ni gbogbo èèyàn ń retí. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó gùn."

"Ìgbà wo ni tèmi gùn rí? Bàbá ẹ ni kó o lọ kìlọ̀ fún. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ewúrẹ́ nígbà kan, ilẹ̀ ti ṣú kó tó dé orí ìwo ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó Káfíńtà ló lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òun náà ló bá a fi agídí de bọ́tìnnì ọrùn.

"Bàbá wọn, ikùn yín ti ju ṣẹ́ẹ̀tì yìí lọ."

"Ẹ̀wọ̀n ló sọ mí dà báyìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀wọ̀n ṣàwàdà fún mi láàárọ̀ yìí." Kò fẹ́ràn àwàdà yẹn rí. Òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un nígbà náà, tòun ti oyún nínú.

Gbọ̀ngàn ti kún kí wọ́n tó dé. Pólíìṣì tuntun ń rùn lára àwọn àga, àwọn fáànù ń pariwo lókè, wọ́n sì ti fi aṣọ bo àwòrán náà níwájú. Káfíńtà ló kan férémù rẹ̀, igi líle ni ó lò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an títí tó fi ń kọ mànà. Adájọ́ jókòó lórí àga gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti gbẹ. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ. Bí Káfíńtà ṣe fẹ́ kọjá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bọ̀dá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Dókítà ní n ò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀, ọmọ mi ní n ò gbọ́dọ̀ jẹ ṣúgà. Ọ̀rọ̀ ìyìn nìkan ló kù tí mò ń jẹ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Káfíńtà lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní ìlà kejì.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ àgbà sọ tirẹ̀, ààrẹ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò sọ tirẹ̀. Ọ̀dọ́ adájọ́ kan ní nígbà tóun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Adájọ́ ló kọ́ òun pé kéèyàn máa wo ojú ẹni tó fẹ́ dá ẹjọ́ fún. Gbogbo rẹ̀ dára, gbogbo rẹ̀ sì jọra. Olóòtú ètò wá pe agbẹjọ́rò ìjọba àtijọ́, bàbá gíga kan tó ń fi ọ̀pá rìn, tó ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n lè dá lẹ́kun. Káfíńtà mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló pè é lẹ́jọ́.

Bàbá náà rọra dúró, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ìtàn àbúrò. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ ọ tán, ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, èmi tí mo wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń ní wọ́n gbé ẹjọ́ náà ká Adájọ́ mọ́ ni. Irọ́ ni! Ọ̀dọ̀ adájọ́ kejì ni ẹjọ́ yẹn wà. Ara ìyẹn le koko, ó ti ṣe tán láti gbọ́ ọ. Ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ló dìde, tó lọ bá adájọ́ àgbà ìgbà náà, tó ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Èmi fúnra mi sáré lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo ní, 'Olúwa mi, ẹ̀jẹ̀ yín ni. Ẹ jẹ́ kó lọ síbòmíì, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.' Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ fún mi? Ó ní, 'Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ mi ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Bí mo bá dá eléyìí, kò sẹ́ni tó tún máa sọ pé mò ń ṣojúsàájú.' Mo rí ẹ̀yin ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tẹ́ ẹ̀ ń wò mí. Mo mọ ohun tó wà nínú òfin. Lónìí, wọn ò ní gbà á láyè. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, nínú gbogbo yín, ta ló láyà bẹ́ẹ̀?"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Káfíńtà náà pàtẹ́wọ́. Ó ti ń pàtẹ́wọ́ bọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára, bí ó ṣe wọ̀ ọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ̀, tí wọ́n dúró sójú kan lórí itan rẹ̀.

Ara adájọ́ kejì le koko. Ẹlòmíì wà. Ohun tó kọ́kọ́ ń yí lórí rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni pé ó ń kà á lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni ìkejì wá, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti lọ bèèrè fún ẹjọ́ náà, a jẹ́ pé lọ́jọ́ tó wá bá a ní pálọ̀, tó ti ilẹ̀kùn, tó ní "wọ́n máa ń ṣàánú ẹ̀, wọ́n á ní kó o máa lọ sílé," ó ti mọ ẹni tó ń jẹ́ "wọ́n."

Káfíńtà gbójú sókè. Ó wo iwájú. Gbogbo èèyàn ló ń wo Adájọ́, Adájọ́ sì ń wo ife omi tó wà lórí tábìlì. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbójú sókè.

Olóòtú ètò ní, "Ta ló tún kù, bí kò ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an!"

Ìyàwó Káfíńtà fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ. "Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Kí ló ṣe yín?"

Káfíńtà dìde, ó rìn lọ síwájú, wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́.

"Èmi lẹ́ni tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n."

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀, wọ́n ń retí àwàdà sísanra. Kò ṣe àwàdà. Ó yí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Lọ́jọ́ tí mo dé, ẹ sọ fún mi pé wọ́n gbé ẹjọ́ mi ká yín mọ́ ni. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń sọ ọ́ kiri bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n gbé e ká yín mọ́ ni, àbí ẹ̀yin lẹ bèèrè fún un?"

Ọmọbìnrin Adájọ́, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gbé ọwọ́ lé àyà. Adájọ́ na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì fà á sún mọ́ ẹnu.

Ó ní, "Èmi ni mo bèèrè fún un."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Akọni!" Kíá, gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ọmọ ìyá méjì yìí ló jọ múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kó lè dùn. Agbẹjọ́rò ìjọba àtijọ́ ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, ó ń ní, "Ṣé mo parọ́? Ṣé mo parọ́?"

Káfíńtà dúró sáàárín ariwo náà. Ìbéèrè kejì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: ta ló ní kí n sọ pé mo jẹ̀bi? Bó bá bi í, àtẹ́wọ́ yẹn á kú, àwòrán náà lè má gorí ògiri lọ́jọ́ náà. Adájọ́ mọ̀. Ó ti wá gbójú sókè báyìí, ó ń wo àbúrò rẹ̀, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀ kedere. Káfíńtà ò rí ẹ̀rù lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, látìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lé orí tábìlì, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde.

Ìyàwó rẹ̀ bá a níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí. Ó jókòó sórí pèpéle, ó ti já bọ́tìnnì ọrùn. Níbẹ̀ ló ti sọ ti pálọ̀ fún un, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ lọ́ okùn báàgì rẹ̀.

"Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín yẹn ló máa ń gbé mi wá sọ́dọ̀ yín lọ́gbà ẹ̀wọ̀n," ó sọ níkẹyìn. "Ó máa ń rán dírẹ́bà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà fún un nínú ọkọ̀ yẹn. Mo máa ń ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó rí láburú." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, tìbínú-tìbínú. "Ìyá yín náà gbàdúrà fún un kó tó kú. Ojú mi ló ṣe."

"Jẹ́ ká máa lọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ò sọ ọ́ síta?"

"Mi ò mọ̀," ni Káfíńtà wí. Òótọ́ ló sọ. Kò mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ kejì ni fóònù ti ń dún. Àwọn ẹbí ní ó yẹ kó dúró jẹun pẹ̀lú àwọn àlejò. Ọmọbìnrin Adájọ́ pè, inú ń bí i. Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ fi wá sílẹ̀ lójú agbo. Èmi ni mo wá ń parọ́ fáwọn èèyàn pé ara yín ò yá." Káfíńtà ní kó má bínú, ó sì pa fóònù.

Ó ń lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ kò rí nǹkan gidi ṣe. Á wọn pákó, á gbàgbé ohun tó wọ̀n. Gbogbo ohun tó bá wò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ní ọwọ́ Adájọ́ nínú. Adájọ́ ló bá a wá ilẹ̀ ibẹ̀ nígbà tó ti ẹ̀wọ̀n dé, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un. Adájọ́ ló ra ẹ̀rọ ìlapákó àkọ́kọ́. Òun ló rán àkọ́bí Káfíńtà lọ sílé ìwé gíga. Káfíńtà máa ń fi ṣe fọ́ńté pé kò sí irú ẹ̀gbọ́n tóun mọ́. Ó wá dà bíi pé ọkùnrin yìí ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun láti ọjọ́ yìí, láìjẹ́ kóun mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ òun. Òun sì ti ń dúpẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn ló dùn ún jù. Bó bá rántí iye ìgbà tó ti dúpẹ́, ojú á tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìhòòhò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, takisí kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Adájọ́ ló sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan, láìsí dírẹ́bà, láìsí ọmọ. Takisí lọ. Ó rìn wọlé, ó ń tọ́ ẹsẹ̀ wò láàárín èérún pákó, ó sì wá àga tí wọn ò tíì kùn jókòó sí. Káfíńtà ò kí i. Ó ń fá igi lọ.

"O ò fẹ́ dá mi lóhùn?"

"Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan."

Adájọ́ gbé ọ̀pá rẹ̀ ti tábìlì. "Kí ló dé tó ò sọ ìyókù lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ń wò ó bóyá ẹ̀yin máa sọ ọ́."

Ohùn tí Adájọ́ fi ń ka ẹjọ́ kọ́ ló fi dáhùn. Ó ní nígbà yẹn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn. Wọ́n ní òun máa ń gbè sẹ́yìn ẹni tóun mọ̀. Àyè kan sì ń bọ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ga sí i, òun mọ̀ pé wọn ò ní fi òun síbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ṣì wà nílẹ̀.

"Mo rò ó, àbúrò mi. Mo ní ọdún méjì ni. O lágbára, wàá ṣe é tán, màá sì fi gbogbo ayé mi tọ́jú ẹ. Mo tọ́jú ẹ, àbí mi ò tọ́jú ẹ?"

"Ẹ tọ́jú mi."

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ti pálọ̀ ńkọ́?"

Adájọ́ nu ojú. "Bó o bá ní o ò jẹ̀bi, wọ́n á pe ẹlẹ́rìí. Wọ́n á pe ọ̀gá ẹ. Agbẹjọ́rò ẹ yẹn mọṣẹ́, èmi ni mo kàn pè é lọ́mọ àná. Á lọ́ ọ̀gá ẹ lẹ́nu títí yóò fi sọ òtítọ́."

"Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀?"

"Ó ṣeé ṣe kó o bọ́."

Káfíńtà sọ ìfági sílẹ̀. Ó ti ro oríṣiríṣi nǹkan láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n èyí ò wá sọ́kàn rẹ̀. Ó ti gbà ní gbogbo ayé rẹ̀ pé bó ti wù kó rí, òun á ṣẹ̀wọ̀n.

"Bọ̀dá, mi ò ní sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Mo gba fáànù. Mo mọ̀ pé pákó ń jáde. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló jù mí sẹ́wọ̀n, màá gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ẹ wá lọ jókòó sókè níbẹ̀, ẹ ń gbọ́ ọ bíi pé ẹ ò gbọ́ ọ rí. Mo ń wo ojú yín lọ́jọ́ yẹn. Mò ń káàánú yín! Mo ní, wo ohun tí mo fà bá ẹ̀gbọ́n mi."

Adájọ́ bú sẹ́kún. Ẹkún àgbàlagbà ni, èyí tí kì í ní ohùn púpọ̀. Káfíńtà dúró síbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpò épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, kò sì sún mọ́ ọn.

"Kí ni kí n ṣe?" ni Adájọ́ wí.

"Ẹ lọ sọ fún àwọn ọmọ yín. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ pe ìwé ìròyìn. Nínú ilé ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́. Kẹ́ ẹ sọ ti pálọ̀."

"Ọmọ mi obìnrin ò ní lè wò mí lójú mọ́. Torí mi ló ṣe kọ́ iṣẹ́ òfin."

"Èmi náà ò lè wò yín lójú, Bọ̀dá."

Kò sí takisí ládùúgbò náà lásìkò yẹn. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, Káfíńtà kó pákó kúrò níwájú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè sínú àga, nítorí kò lè dá gùn ún, ó sì gbé e lọ sílé. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà. Lẹ́nu géètì, Adájọ́ ní, "Ṣé o ò ní wọlé mu omi?" Káfíńtà ní òun ò ní wọlé. Ó dúró títí ẹnì kan fi wá ṣílẹ̀kùn, ó sì yí ọkọ̀ padà.

Oṣù náà parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, kò sí ìròyìn. Káfíńtà ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ò ní lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin Adájọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ wú. Kò jókòó.

"Bàbá Kékeré, wọ́n ti sọ fún wa."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi la jọ wà níbẹ̀. Wọ́n ní ká pa tẹlifíṣọ̀n." Ó nàka sí ara rẹ̀. "Mo pè yín lórí fóònù, mo ní ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ máa ń sọ. Èmi! Mo ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kó gùn."

"O ò mọ̀."

"Ó yẹ kí n mọ̀. Agbẹjọ́rò ni mí. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ pé adájọ́ kan gbọ́ ẹjọ́ àbúrò ara ẹ̀, tí mò ń pàtẹ́wọ́?" Ó nu ojú. "Màá lọ bá ẹgbẹ́. Màá ní kí wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lára ilé ìkàwé yẹn."

Káfíńtà ronú díẹ̀. "Fi í síbẹ̀. Bàbá ẹ dá ẹjọ́ tó dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Opó kan gba ilẹ̀ ẹ̀ padà níwájú ẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ má pè mí wá sọ̀rọ̀ níbì kankan mọ́. Èmi kọ́ ni kẹ́ ẹ tún máa fi yìn ín."

"A ò ní pè yín, sà."

Síbẹ̀, kò lọ. Káfíńtà mọ̀ pé ohun tó bá wá ò tíì tán.

"Bàbá ń bèèrè yín. Ojoojúmọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú."

Káfíńtà fọwọ́ nu eruku kúrò lójú pákó tó wà níwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ ò rọ̀ bó ṣe rò pé ó máa rọ̀. Ó ti rò pé bí Adájọ́ bá sọ ọ́ tán, ẹrù náà á kúrò lórí òun. Kò kúrò.

"Sọ fún un pé mo gbọ́," ló wí.

Ọmọbìnrin náà dúró bóyá ó máa fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí kò rí i kó fi kún un, ó dágbére fún un, ó lọ wọ ọkọ̀ rẹ̀. Káfíńtà tan ẹ̀rọ ìlapákó, ó sì padà sídìí iṣẹ́.